Galaxy S5 Àǹtí mi: láti Android 6 dé Android 11

Fóònù tó wà lórí tábìlì mi yìí, Samsung Galaxy S5 ni. Oṣù kẹrin ọdún 2014 ló dé ọjà pẹ̀lú Android 4.4 lórí rẹ̀. Àǹtí mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, rà á ní tòkunbọ̀ lọ́dún 2016, kò sì fìgbà kan sọ fún mi pé òun fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Òun ló fi ń ya àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Èkó àti ní London. Kámẹ́rà rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ kò là, bátìrì rẹ̀ sì ṣeé yọ: tí ọ̀kan bá kú lọ́jà, á mú òmíràn jáde nínú àpò owó rẹ̀, á tì í bọ̀ ọ́, ọjà ń lọ. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Oṣù kẹta ọdún 2025 ló gbé e wá bá mi n'Íbàdàn.

"Àbúrò mi, bá mi wo fóònù yìí. Ibi tí mo bá tẹ̀, wọ́n á ní kò láàbò. Ojú òpó ilé-ìwé àwọn ọmọ ò ṣí mọ́. Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi ní kí n lọ ra òmíràn."

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná, Àǹtí. Ẹ má tíì ra nǹkan kan."

Mo ń kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe é, torí S5 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa.

Ọjọ́ Àìkú: kí ló ń ṣe é?

Ọjọ́ àti aago ni mo kọ́kọ́ wò, torí fóònù tí aago rẹ̀ bá ti ṣìnà á máa bá gbogbo ojú òpó jà. Aago tọ̀nà. Mo ṣí ojú òpó ilé-ìwé náà lórí Chrome, ó kọ̀. Mo ṣí i lórí fóònù tèmi, ó ṣí. Mo wá fi Firefox sórí S5 yẹn, mo tẹ àdírẹ́sì kan náà, kíá ló ṣí. Ara mi balẹ̀, torí mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ojú òpó tó bá ń lo HTTPS, ọ̀nà ààbò tó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, máa ń fi ìwé ẹ̀rí han fóònù kí àwọn méjèèjì tó jọ sọ̀rọ̀. Fóònù kò mọ ojú òpó náà rí; onídùúró rẹ̀ ló mọ̀. Orúkọ àwọn onídùúró tó gbà gbọ́ sì ti wà nínú Android látìgbà tí wọ́n ti gbé e jáde. Let's Encrypt máa ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ojú òpó kéékèèké ló ń lò ó. Onídùúró tirẹ̀ ń jẹ́ ISRG Root X1, inú Android 7.1.1 ló sì ti kọ́kọ́ wọ àkọsílẹ̀. Fún àwọn fóònù tó ṣáájú ìyẹn, Let's Encrypt sá sẹ́yìn onídùúró àgbà kan, DST Root CA X3 ti IdenTrust. Ọjọ́ ìyẹn pé ní 30 oṣù kẹsàn-án 2021. Android kì í wo ọjọ́ tó wà lórí irú onídùúró bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ìyẹn rí ọ̀nà sún ọ̀rọ̀ náà síwájú fún ọdún mẹ́ta. Ní 30 oṣù kẹsàn-án 2024, ó tán pátápátá.

Láti ìgbà náà, S5 tó wà lórí Android 6.0.1 kò rí ẹni ṣe onídùúró fún ilé-ìwé àwọn ọmọ Àǹtí mi. Chrome 106 ti ọdún 2022 ni Google ṣe kẹ́yìn fún Android 6, àkọsílẹ̀ inú fóònù ló sì ń wò. Firefox ní tirẹ̀ gbé àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ dání, ìdí nìyẹn tó fi ṣí. Nǹkan kan kò bàjẹ́ lára fóònù yẹn. Irin rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ pé. Ọjọ́ kan lórí kàlẹ́ńdà ló kọjá lórí rẹ̀.

Mo lè fi Firefox lé e lọ́wọ́ kí n ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n ojú òpó nìkan ni Firefox máa gbà là. Àwọn áàpù mìíràn inú fóònù ṣì ń bi Android fúnra rẹ̀ léèrè, ihò ààbò tí wọ́n ti rí nínú Android 6 láti ọdún wọ̀nyí wá ṣì là sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń dí i mọ́.

Ẹ̀rọ kan náà, ìpín ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí tí mo fi gbà pé fóònù yìí ṣì lè lọ síwájú. Update ńlá méjì ni S5 gbà: Android 5, lẹ́yìn náà Android 6. Ẹ̀rọ ìṣirò Snapdragon 801 ti ilé-iṣẹ́ Qualcomm ló wà nínú rẹ̀. Qualcomm kò ṣe iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yẹn mọ́ lẹ́yìn Android 6, tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ bá sì ti ṣíwọ́, iṣẹ́ ńlá ló kù fún ẹni tó fi ẹ̀rọ náà ṣe fóònù. Bí okùn Android ṣe gùn tó nìyí: Google á kọ ọ́, Qualcomm á mú un bá ẹ̀rọ rẹ̀ mu, ilé-iṣẹ́ fóònù á tún un ṣe, láwọn ìlú kan ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ kan péré tó bá jáwọ́ nínú rẹ̀, oníbàárà ò ní rí nǹkan kan gbà. Ọwọ́ Apple nìkan ni okùn tirẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tí iPhone 5s ti ọdún 2013 fi rí iOS 12.5.7 gbà ní oṣù kìn-ín-ní 2023.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Fairphone 2. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Amsterdam ló ṣe é ní ọdún 2015, Snapdragon 801 náà ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí Qualcomm ti ṣíwọ́, wọ́n gbé e dé Android 7, wọ́n gbé e dé 9, wọ́n gbé e dé 10, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ títí di oṣù kẹta 2023. Àwọn tó ń ṣe LineageOS (Android mìíràn tí a lè fi rọ́pò èyí tó bá fóònù wá), tí wọ́n ń fi àkókò ara wọn ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wà lára ohun tó jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe. Irin tó wà nínú fóònù Àǹtí mi ló rin ìrìn yẹn. Nítorí náà, tẹ́nikẹ́ni bá sọ fún mi pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó, mi ò ní gbà. LineageOS yẹn ni mo fẹ́ fi sórí rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé: ohun tó wà lẹ́yìn bátìrì

Ẹ yọ bátìrì, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Má ka ti ẹ̀yìn fóònù, wọ́n lè ti pààrọ̀ ìdérí. SM-G900F ni ti Àǹtí mi, inú mi dùn. Ká ní SM-G900A ni, tàbí SM-G900V, èyí tí wọ́n ṣe fún AT&T àti Verizon ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ti bootloader wọn pa, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí fóònù ń gbà jí. Fóònù tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà pọ̀ lọ́jà wa, nítorí náà nọ́ńbà yẹn lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó sanwó, tẹ́ ẹ bá ní irú iṣẹ́ yìí lọ́kàn.

Mo tẹ bọ́tìnì ìdínkù ohùn, bọ́tìnì Home àti bọ́tìnì ìtanná pọ̀, mo wá tẹ ìgbéga ohùn. Download Mode, ojú ibi tí fóònù ti ń gba fáìlì láti láptọ́ọ̀pù, ṣí. Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyí:

PRODUCT NAME: SM-G900F
CURRENT BINARY: Samsung Official
REACTIVATION LOCK: OFF
KNOX WARRANTY VOID: 0x0

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Fíúsì kan wà nínú ẹ̀rọ náà. Gbàrà tí mo bá fi recovery (ètò kékeré tí a ń gbà fi Android mìíràn sí fóònù) tí kì í ṣe ti Samsung sí i, á jó, 0x0 á di 0x1, kò sì sí ohun tó lè dá a padà láyé. Mo pe Àǹtí mi, mo ṣàlàyé fún un pé àwọn iṣẹ́ Samsung tó ń lo Knox, ètò ààbò rẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ lórí fóònù náà mọ́ títí láé. Ó ní òun ò lò ó rí. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, mo yọ àkáǹtì Google wọn kúrò nínú rẹ̀, kó má bàa máa béèrè ẹni tó ni ín lẹ́yìn tí mo bá ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Àwòrán aṣọ wà lórí mẹ́mórì káàdì. Mo yọ káàdì náà, mo fi sínú àpòòwé, mo kọ orúkọ sí i. WhatsApp, mo ní kó ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, mo wá da gbogbo fódà rẹ̀ kọ sórí láptọ́ọ̀pù. Mo fi káàdì mìíràn tó ṣófo sínú fóònù fún ẹ̀dà EFS. EFS ni ibi tí IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, wà. Tó bá sọnù, fóònù á di rédíò aláwòrán, kò ní rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí: ẹ má fo èyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: mo pàdánù ìrọ̀lẹ́ kan

Ojú ibi tí a ń ti ṣájà bọ̀ lára S5 fẹ̀, micro-USB 3.0 ni, ṣùgbọ́n okùn micro-USB tí gbogbo wa mọ̀ wọ apá kan rẹ̀ dáadáa. Ohun tó gba àkókò mi ni pé okùn tí mo kọ́kọ́ mú kò gbé dátà, iná nìkan ló ń gbé. Láptọ́ọ̀pù kò rí fóònù rárá. Mo pààrọ̀ okùn, ó rí i.

Linux ni mo ń lò, nítorí náà Heimdall, áàpù tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí fóònù Samsung, ni mo fi gbé TWRP, recovery tí kì í ṣe ti Samsung, sí i. Mo kọ:

heimdall flash --RECOVERY twrp.img

Ó lọ dáadáa, fóònù tún ara rẹ̀ tàn. Mo pa á, mo tẹ ìgbéga ohùn, Home àti ìtanná láti wọ TWRP. Recovery Samsung ni mo rí. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ohun kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe é kí n tó rántí: tí Android Samsung bá jí pẹ́rẹ́, ó máa ń dá recovery tirẹ̀ padà sáyè rẹ̀. Kò gbọdọ̀ jí rárá. Àṣìṣe mi ni, mi ò fi ìyókù àṣẹ náà sí i. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

heimdall flash --RECOVERY twrp.img --no-reboot

Bó ti parí, mo fa bátìrì yọ, mo ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, mo dá a padà, mo tẹ bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ojú rẹ̀ tó mọ́lẹ̀. TWRP yọ. Mo da EFS àti Modem (apá tó ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀) kọ sórí káàdì, mo tún da wọ́n kọ sórí láptọ́ọ̀pù. Iná lọ lákòókò yẹn, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù àti fóònù ní bátìrì, mi ò bẹ̀rù. Ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì kó rí i pé ohun tó ń gbé iná fún un kò ní já a kulẹ̀ láàárín iṣẹ́.

Ọjọ́rú: LineageOS 18.1

Android 11 ni LineageOS 18.1. Wọ́n máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ sókè jù bẹ́ẹ̀. Kernel ni ìdí. Kernel ló ń bá irin fóònù sọ̀rọ̀, Linux 3.4 sì ni ti S5. Nígbà tí Android 12 dé, Google gbé apá kan iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ lé eBPF, ètò kan inú àwọn kernel tuntun, lórí, eBPF kò sì sí nínú Linux 3.4. Àwọn fóònù tí kernel wọn ti pẹ́ bíi ti S5 ló já bọ́ níbẹ̀. Èyí ni ògiri tí mo rí gan-an nínú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe RAM 2GB, kì í ṣe Snapdragon. Kernel yẹn ti dàgbà jù fún ohun tí Android ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti ní fáìlì 18.1 ti klte (orúkọ tí àwọn tó ń ṣe é pe S5) nípamọ́. Mo fi SHA-256, nọ́ńbà tó ń fi hàn pé fáìlì kò yí padà, yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fọkàn tán an. Mo pa dátà fóònù rẹ́, mo sì lo àṣẹ adb sideload lórí láptọ́ọ̀pù láti fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí i. Ó dé 47%, ó dúró. Ẹ má fa okùn yọ! Níbi 47% yẹn ló máa ń dúró tó bá ti parí. Ojú fóònù lẹ máa wò, kì í ṣe ti láptọ́ọ̀pù.

Lẹ́yìn rẹ̀, kí fóònù tó jí fún ìgbà àkọ́kọ́, mo fi MindTheGapps, àkójọ áàpù Google, sí i kí Play Store lè wà. Arm ni mo mú, kì í ṣe arm64, torí bíìtì 32 ni ẹ̀rọ S5. Mo tan fóònù. Àmì LineageOS bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí, ìgbà àkọ́kọ́ máa ń pẹ́. Mo fi SIM sí i, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Mo tẹ *#06#, IMEI yọ, ó bá ti ẹ̀yìn bátìrì mu. Mo ṣí ojú òpó ilé-ìwé lórí Chrome tuntun. Ó ṣí. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò ó. Ìwé èsì ìdánwò ọmọ ló wà lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí wọ́n lọ jù nù.

WhatsApp gba ọgbọ́n díẹ̀. Lórí Android 6, fódà rẹ̀ wà ní ìta gbangba nínú ibi ìpamọ́. Lórí Android 11, inú Android/media/com.whatsapp ló ń gbé. Ibẹ̀ ni mo da ẹ̀dà náà sí kí n tó ṣí áàpù náà. Mo pe Àǹtí mi kó ka nọ́ńbà ìdánilójú tó wọlé sórí SIM wọn fún mi, àfi ìgbà tí mo rántí pé SIM náà wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ oníbàárà padà sípò.

Ọjọ́bọ̀: bátìrì

Fóònù ń kú ní 30%. Mo kọ́kọ́ fura sí LineageOS. Mo ti bátìrì kejì Àǹtí mi bọ̀ ọ́, ó lo gbogbo ọjọ́ dé 4% láìkú. Nítorí náà bátìrì àkọ́kọ́ ni, èyí tí wọ́n rà lọ́jà láìpẹ́. Wọ́n kọ 2800 mAh sára rẹ̀ bíi ti ojúlówó. Ṣùgbọ́n ojúlówó bátìrì S5 ló gbé eríà NFC (ohun tó ń jẹ́ kí fóònù bá nǹkan tó bá sún mọ́ ọn sọ̀rọ̀) sínú ara rẹ̀. Tí mo bá lo eléyìí, NFC kò rí nǹkan kan. Àǹtí mi kò lo NFC rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ ìdánwò tó rọrùn jù nìyẹn láti dá ayédèrú mọ̀. Mo yọ ọ́ sọ́tọ̀, mo sì fi téèpù lé ẹnu irin rẹ̀ kó má bàa kan nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Àǹtí mi dé

Ó gbé fóònù, ó ní ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ya gèlè tó wé, ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà.

"Aró yìí kọ́ nìyí. Èyí ti di àyìnrín."

Òótọ́ ni. Áàpù kámẹ́rà Samsung ti bá Android 6 lọ, èyí tó wà níbẹ̀ báyìí kò mọ aró. Fún ẹni tó ń ta àdìrẹ, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn: oníbàárà tó bá rí àyìnrín nínú àwòrán tó wá gba aṣọ tó dúdú mọ́ aró, á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Mo fi Open Camera sí i, mo ti white balance rẹ̀ (bó ṣe ń wọn àwọ̀) mọ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kó má máa yí kiri, a jọ jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ ya gèlè náà lábẹ́ òjìji. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó mi orí sí mi. A gba wákàtí kan lórí èyí, mo sì rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ náà.

Áàpù báǹkì ló kù. Ó ṣí, ó ní fóònù yìí kò ṣeé fọkàn tán, ó pa dé. Play Integrity ni áàpù náà ń bi léèrè bóyá Android tó wà lórí fóònù ní òǹtẹ̀ Google, LineageOS kò sì ní in. Àwọn kan máa ń fi ọgbọ́n bo èyí mọ́lẹ̀. Mi ò ṣe é, torí owó ìyá ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀.

"O ò sọ èyí fún mi kó o tó bẹ̀rẹ̀."

"Mi ò sọ ọ́, Àǹtí. Ẹ má bínú. Ó yẹ kí n sọ ọ́ pọ̀ mọ́ ti Knox."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní USSD ni àwọn fi ń gbowó ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀ náà, áàpù á wà lórí fóònù àkọ́bí àwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Ẹni tó ni fóònù ló ni ìpinnu, ó sì yẹ kó mọ gbogbo ohun tó máa pàdánù kí n tó fa bátìrì yọ.

Mo jókòó tì wọ́n, mo sọ ìyókù láìfi nǹkan kan pamọ́. Google kò ṣe àtúnṣe ààbò fún Android 11 mọ́ láti ọdún 2024. Fáìlì tí Qualcomm ṣe fún módẹ́ẹ̀mù àti àwòrán, ti àtijọ́ ló ṣì ń lò, LineageOS kò lè tún èyí tí kò rí inú rẹ̀ ṣe. Chrome, WebView (tó ń ṣí ojú òpó nínú àwọn áàpù) àti WhatsApp ló ń gba update láti Play Store, ibi tí ewu ti ń wọlé jù sì nìyẹn. Nítorí náà: kò sí áàpù láti ibòmíràn, kò sí fáìlì APK tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò sí nọ́ńbà ATM nínú rẹ̀.

Wọ́n bi mí pé tí ọjọ́ àtirà òmíràn bá dé ńkọ́. Mo ní ohun tí wọ́n máa bi òǹtajà ni ọdún mélòó tó kù fún update, kí wọ́n tó bi í ní ìwọ̀n RAM. Google ṣèlérí ọdún 7 fún Pixel 8 ní 2023, Samsung náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24 ní 2024. Ọjọ́ tí fóònù jáde ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Tòkunbọ̀ ọlọ́dún mẹ́rin ti jẹ ọdún mẹ́rin nínú rẹ̀. Láti 20 oṣù kẹfà 2025, òfin Yúróòpù ti ń béèrè pé kí update wà fún ó kéré tán ọdún 5 lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n bá dáwọ́ títa irú fóònù náà dúró. Irú tòkunbọ̀ bẹ́ẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Àǹtí mi fi àwòrán méjìlá ránṣẹ́ láti Ìtòkú láàárọ̀ yìí, àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aró rẹ̀ dúdú bó ṣe yẹ. Fóònù kò tíì pa ara rẹ̀. Ó máa ń falẹ̀ tí Chrome àti WhatsApp bá ṣí pọ̀, mo ti ní kí wọ́n pa àwọn àwòrán tó ń rìn lójú rẹ̀ sí òdo nínú Developer options. Ìdérí rọ́bà tó ń bo ojú ṣájà ti já, omi lè wọ ibẹ̀. Mo ń wá òmíràn. EFS rẹ̀ ṣì wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, nínú fódà tí mo kọ IMEI rẹ̀ sí lára.